Ewé Tí Ń Pọ́n Lórí Ebè Kòkó Titun: Bí A Ti Ń Mọ Ìdí Rẹ̀ àti Bí A Ti Ń Tọ́jú Rẹ̀



A kọ ìwé pẹlẹbẹ yìí fún ẹ̀yin tí ẹ gbin hóró kòkó sí ebè ní Ẹ̀gùá, àti ní gbogbo ilẹ̀ Yewa láti Ìlaró dé Ayétòrò, tí ẹ wá jí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí ẹ rí i pé ewé àwọn ọmọ kòkó náà, tí ó tutù yọ̀yọ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ti ń pọ́n bí ìyeyè. Ọkàn àgbẹ̀ kì í balẹ̀ bí ó bá rí irú èyí. Ohun tí ó sì máa ń kọ́kọ́ ṣe ni pé yóò bu omi sí i. Bí omi kò bá ṣe é, yóò da eérú sí i. Bí eérú kò bá sì ṣe é, yóò kó ìgbẹ́ adìẹ tútù lé e lórí. Lọ́pọ̀ ìgbà, àwọn ìtọ́jú mẹ́ta wọ̀nyí ni ó ń pa ọmọ kòkó, kì í ṣe ohun tí ó kọ́kọ́ ṣe é.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti ewé nìkan, ti àkókò ni pẹ̀lú. Hóró kòkó kò ṣeé fi pamọ́ bí àgbàdo tàbí ẹ̀wà. Bí a bá ti yọ ọ́ kúrò nínú èso rẹ̀, ìwọ̀nba ọjọ́ díẹ̀ ni agbára àtihù rẹ̀ fi ń wà. Nítorí náà ni a ṣe ń gbìn ín sí ebè ní oṣù kejìlá àti oṣù kìn-ín-ní, kí ó lè pé oṣù márùn-ún tàbí mẹ́fà nígbà tí òjò bá ti múlẹ̀ dáadáa ní oṣù karùn-ún àti ìkẹfà. Ẹni tí ebè rẹ̀ bá bàjẹ́ ní oṣù kẹta kò ní rí ọmọ kòkó gbé lọ sí oko nígbà òjò, bí ó bá sì tún òmíràn gbìn, yóò ṣì kéré nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé. Ọdún kan ti lọ nìyẹn, igi tí ó yẹ kí ó máa so yóò sì fi ọdún kan pẹ́.

Kí á tó sọ ti ìtọ́jú, ẹ jẹ́ kí á sọ ti àyẹ̀wò. Ewé pípọ́n kì í ṣe orúkọ àìsàn kan. Àmì ni, gẹ́gẹ́ bí ara gbígbóná ti jẹ́ àmì lára ènìyàn. Ibà a máa mú ara gbóná, egbò tí ó kẹ̀ náà a máa mú ara gbóná, oníṣègùn tí ó bá sì ń fún gbogbo wọn ní àgbo kan ṣoṣo kò mọ iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ dúró létí ebè yín ní òwúrọ̀, nígbà tí oòrùn kò tí ì mú, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ ara yín pé: ewé wo ni ó ń pọ́n? Ṣé ewé àgbà tí ó wà nísàlẹ̀ ni, tàbí ewé ọ̀dọ́ tí ó wà lókè? Ohun tí ń mú ewé tutù ni èròjà kan nínú rẹ̀ tí ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn se oúnjẹ fún igi. Láti ní èròjà yìí, igi ń fẹ́ náítírójìn àti magnesium láti inú ilẹ̀, ó sì ń fẹ́ irin díẹ̀ pẹ̀lú. Bí náítírójìn bá tán nínú ilẹ̀, igi a máa yọ èyí tí ó wà nínú ewé àgbà láti fi bọ́ ewé tí ń yọ bọ̀, gẹ́gẹ́ bí ìyá tí ń fi ebi pa ara rẹ̀ kí ọmọ lè yó. Nítorí náà ewé ìsàlẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ pọ́n, gbogbo ara rẹ̀ ni yóò sì pọ́n láìku ibì kan. Magnesium náà a máa kúrò lára ewé àgbà lọ sí ara ewé ọ̀dọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá dín, àárín àwọn iṣan ewé àgbà ni ó ń pọ́n, iṣan fúnra rẹ̀ a sì tutù. Ti irin yàtọ̀. Irin kò ń rìn. Ibi tí igi bá fi í sí ni ó ń gbé títí ewé yóò fi rẹ̀. Bí irin bá wọ́n, ewé titun ni yóò máa yọ ní pípọ́n, àwọn iṣan rẹ̀ yóò sì tutù, bí ìgbà tí a tẹ́ àwọ̀n sórí aṣọ tí ó ti ṣá.

A fẹ́ kí ẹ ṣọ́ra ní ibí yìí. Ewé kòkó tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ a máa pupa tàbí kí ó ṣì fẹ́ẹ́rẹ́ ní àwọ̀, a sì máa rọ̀ wọ́lọ́wọ́lọ́ bí ẹni pé omi kò kàn án. Bí a ti dá a nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí ó pé ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí ó le kí ẹ tó dá a lẹ́jọ́.

Lẹ́yìn ewé, ẹ wo gbòǹgbò. Ẹ yan ọmọ kòkó kan tí ó pọ́n jù, kí ẹ fi ọ̀bẹ gé ilẹ̀ yí i ká, kí ẹ sì hú u jáde tòun ti erùpẹ̀ rẹ̀. Ó máa ń dun àgbẹ̀ láti fi ọ̀kan ṣòfò, ṣùgbọ́n ọ̀kan yìí ni yóò sọ ohun tí ń ṣe ọgọ́rùn-ún ìyókù. Ẹ fi omi ṣan gbòǹgbò náà. Bí ó bá funfun tí ó sì ní irun wẹ́wẹ́ púpọ̀, ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kò tí ì wọra. Bí ó bá dúdú, tí awọ rẹ̀ ń bó lọ́wọ́, tí erùpẹ̀ ibẹ̀ sì ń rùn bí ẹrẹ̀ àbàtà, a ti rí ìdí àìsàn náà: omi ni.

Omi ni a ó sì kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ lé, nítorí pé òun ni ó wọ́pọ̀ jù lórí ebè tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ pé igi ń mu omi, ṣùgbọ́n wọn kò mọ̀ pé gbòǹgbò ń mí. Àwọn ihò wẹ́wẹ́ wà nínú erùpẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá. Bí omi bá kún gbogbo wọn ní ọ̀sán àti ní òru, gbòǹgbò yóò rì sínú omi bí ènìyàn ti ń rì sínú odò. Gbòǹgbò tí ó ti kú kò lè fa oúnjẹ mọ́, ewé yóò sì pọ́n bí ẹni pé ebi ń pa á, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé oúnjẹ wà ní àyíká rẹ̀. Àgbẹ̀ tí ó bá rí ewé náà tí ó ń rọ, yóò rò pé òùngbẹ ni, yóò sì tún bu omi sí i. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ó ti tán.

Bí ó bá jẹ́ omi ni, ẹ dáwọ́ omi bíbù dúró. Ẹ la ọ̀nà fún omi ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ebè, kí ó jìn tó íǹṣì 6, kí ó sì gba ibi tí ilẹ̀ ti rẹlẹ̀ sọ̀kalẹ̀. Bí ó bá jẹ́ inú ọ̀rá dúdú ni ẹ gbìn ín sí, ẹ gbé ọ̀rá kọ̀ọ̀kan sókè wò: ọ̀pọ̀ ni a ń rà tí ihò rẹ̀ kéré jù tàbí tí kò ní ihò rárá. Ẹ fi ìṣó lu ihò mẹ́fà tàbí mẹ́jọ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ tú ojú erùpẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí ẹ má ṣe kan gbòǹgbò, kí ẹ sì ṣí imọ̀ ọ̀pẹ tí ó bo ebè kúrò díẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè wọlé. Láti ìgbà náà lọ, ìka yín ni kí ẹ máa béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ tó bu omi. Ẹ tì í bọ erùpẹ̀ dé oríkèé kìn-ín-ní. Bí ibẹ̀ bá ṣì tutù, ẹ gbé agbè yín padà sílé. Òwúrọ̀ ni ó dára jù láti bomi rin kòkó, nítorí ewé tí ó bá sùn mọ́jú pẹ̀lú omi lára a máa fàyè gba olu tí ń mú kí ewé àti ọ̀mùnú rẹ̀ dúdú kí ó sì jó bí ẹni pé iná là á.

Nísinsìnyí ó kan ti ebi. Bí gbòǹgbò bá funfun, tí ebè kò sì kún fún omi, ṣùgbọ́n tí ewé ìsàlẹ̀ ń pọ́n lẹ́sẹẹsẹ, oúnjẹ ni ó tán. Èyí wọ́pọ̀ níbi tí a bá ti fi iyanrìn pupa ṣe ebè. Omi tí a ń bù lójoojúmọ́ a máa ṣan náítírójìn lọ sísàlẹ̀ níbi tí ọwọ́ gbòǹgbò kékeré kò lè tó. Ilẹ̀ tí ó dára fún ebè ni erùpẹ̀ dúdú tí a fá lójú ilẹ̀ nínú igbó tí a kò dáná sun, kí a má ṣe walẹ̀ ju íǹṣì 3 tàbí 4 lọ. Ṣùgbọ́n ebè tí a ti gbìn kò ṣeé tú palẹ̀. Ohun tí a lè ṣe ni kí a fún un ní oúnjẹ tí a ti pò pọ̀ mọ́ omi. Ẹ di ìgbẹ́ adìẹ gbígbẹ sínú àpò, kí ẹ rì í sínú garawa omi, kí ẹ bò ó, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ 14. Lẹ́yìn náà, ẹ bu agolo kan nínú omi rẹ̀ sí agolo 10 omi tútù, títí àwọ̀ rẹ̀ yóò fi dà bí tíì tí a kò jẹ́ kí ó ki. Ẹ máa dà á sí ìdí ọmọ kòkó lẹ́ẹ̀kan ní ọ̀sẹ̀ méjì, kì í ṣe sórí ewé. Ẹni tí ó bá ní ajílẹ̀ òyìnbó tí a ń pè ní yúríà lè po ìwọ̀n gíráàmù 10 mọ́ omi lítà 10, kí ó dà á sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́, kí ó sì fi omi tútù ṣan èyí tí ó bá ta sí ewé. Ẹ má ṣe sọ pé bí díẹ̀ bá dára, púpọ̀ yóò dára jù. Ajílẹ̀ tí ó pọ̀ jù a máa fa omi jáde nínú gbòǹgbò, gẹ́gẹ́ bí iyọ̀ ti ń fa omi jáde lára ẹran.

Èyí ni ó fa ìkìlọ̀ wa lórí ìgbẹ́ adìẹ tútù. Kì í ṣe pé ìgbẹ́ adìẹ burú. Kò sí èyí tí ó dára tó o nínú ohun tí a ní nílé. Ṣùgbọ́n kí ó tó jẹrà, ooru àti amóníà inú rẹ̀ ń jó gbòǹgbò tí ó bá kàn. Ẹ kó o jọ sábẹ́ òrùlé, kí ẹ pò ó pọ̀ mọ́ ewé gbígbẹ, kí ẹ máa yí i padà, kí ó tó oṣù méjì tàbí mẹ́ta kí ẹ tó lò ó.

Irú ebi kan tún wà tí àgbẹ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá sílẹ̀. Ó gbọ́ pé èèpo kòkó dára fún ilẹ̀, ó sì dára lóòótọ́. Tàbí ó rí ìyẹ̀fun igi lọ́fẹ̀ẹ́ níbi tí wọ́n ti ń la pákó. Ó kó o ní tútù pọ̀ mọ́ erùpẹ̀ ebè. Àwọn ohun abẹ̀mí kéékèèké tí ojú kò lè rí, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti mú ohun gbogbo jẹrà, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́. Àwọn náà ń fẹ́ náítírójìn, wọ́n sì yára ju gbòǹgbò lọ. Wọn yóò kó gbogbo èyí tí ó wà nínú ilẹ̀ jẹ, ọmọ kòkó yóò sì máa wò wọ́n níran. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, nígbà tí iṣẹ́ wọn bá parí tí wọ́n sì kú, wọn yóò dá a padà; ṣùgbọ́n ọmọ kòkó kò lè dúró dìgbà náà. Bí ẹ bá ti ṣe irú èyí, ẹ fún ebè náà ní omi ìgbẹ́ adìẹ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún oṣù kan. Ní ọdún tí ń bọ̀, ẹ jẹ́ kí èèpo náà kọ́kọ́ jẹrà lórí àtàn.

Ti eérú ni ó tún kù. Ilẹ̀ Yewa kò rí bákan náà níbi gbogbo. Ibì kan jẹ́ iyanrìn pupa, ibì kan jẹ́ amọ̀, ibòmíràn sì wà tí òkúta ẹfun wà lábẹ́ rẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń wà ní Ìbèsè láti fi ṣe sìmẹ́ǹtì. Níbi tí òkúta yìí bá ti súnmọ́ ojú ilẹ̀, ilẹ̀ a máa di irin mọ́lẹ̀, kò ní jẹ́ kí gbòǹgbò rí i fà, bí irin tilẹ̀ pọ̀ nínú rẹ̀. Eérú náà ń ṣe bí ẹfun. Díẹ̀ nínú rẹ̀ dára lórí ilẹ̀ tí ó kan, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń da eérú ààrò sí ebè kan náà lójoojúmọ́ ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ sọ ilẹ̀ rẹ̀ di ilẹ̀ ẹfun. Àmì rẹ̀ ni èyí tí a ti sọ: ewé titun ń pọ́n, iṣan rẹ̀ ń tutù. Nígbà mìíràn ewé tí ń yọ yóò tún tẹ́ẹ́rẹ́, yóò sì tẹ̀ bí dòjé. Èyí fi hàn pé zinc náà ti wọ́n. Rírì ìṣó tí ó ti dípẹtà mọ́ ilẹ̀ kò lè wo èyí sàn. Ìpẹtà kì í yọ́ nínú irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ dáwọ́ eérú dúró, kí ẹ fá erùpẹ̀ òkè ebè kúrò ní ìwọ̀n íǹṣì 1 láìtú gbòǹgbò síta, kí ẹ sì fi ewé jíjẹrà tí ó ti di dúdú rọ́pò rẹ̀. Ní ti ebè tí ẹ kò tí ì ṣe, ẹ kó erùpẹ̀ rẹ̀ láti ibi tí kò sí òkúta ẹfun.

Oòrùn náà a máa mú ewé pọ́n. Abẹ́ igi ńlá ni a bí kòkó sí, ọmọ rẹ̀ kò sì lè gba oòrùn ọ̀sán gangan. Bí ó bá jẹ́ pé apá kan ebè ni ó ń pọ́n, níbi tí imọ̀ ọ̀pẹ ti gbẹ tí ó sì ti jábọ́, tí etí ewé ń jó, ẹ má wá ìdí mìíràn kiri. Ẹ tún àtíbàbà náà bò kí ìdajì ìmọ́lẹ̀ péré máa wọlé, kí ẹ sì wá máa dín in kù díẹ̀díẹ̀ ní oṣù tí ó ṣáájú gbígbé e lọ sí oko. Ebè ata àti ẹ̀fọ́ tí àwọn ìyàwó yín ń ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò fẹ́ ibòji tó bẹ́ẹ̀. Ìyókù ohun tí a ti sọ nípa omi, ebi àti eérú bá tiwọn náà mu.

Nísinsìnyí a dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti le. Ewé pípọ́n kan wà tí omi, ajílẹ̀ àti ibòji kò lè ṣe ohunkóhun sí. Àrùn tí ń mú ẹ̀ka kòkó wú ni. Ní ọdún 1936 ni a kọ́kọ́ kíyè sí i ní Ghana, tí a ń pè ní Gold Coast nígbà náà. Ní 1940, A. F. Posnette fi hàn ní Tafo pé fáírọ́ọ̀sì ni ó ń fà á; ní 1944 sì ni a rí i ní Nàìjíríà. Ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í gé igi tí ó ní àrùn lulẹ̀, inú àwọn àgbẹ̀ kò sì dùn rárá, nítorí ọ̀pọ̀ igi tí a gé ṣì ń so. Ní Ghana, ìbínú yìí wà lára ohun tí ó fa rògbòdìyàn oṣù kejì ọdún 1948. Àwa kò dá àwọn àgbẹ̀ náà lẹ́bi pé ó dùn wọ́n. Ta ni yóò rí ẹni tí ń fi àáké gé oúnjẹ ọmọ rẹ̀ tí kò ní bínú? Ṣùgbọ́n títí di òní, kò sí oògùn tí ń wo igi tí ó bá ti ní in sàn.

Àmì rẹ̀ lára ọmọ kòkó ni pé iṣan ewé titun a máa pupa, pupa náà a sì máa ta sí ẹ̀gbẹ́ iṣan. Lẹ́yìn náà ipa iṣan a pọ́n tàbí kí ó ṣí bí gíláàsì, nígbà tí ara ewé ìyókù ṣì tutù. Ẹ rí i pé òdìkejì àìtó irin ni èyí: ní ti irin, iṣan ni ó ń tutù; ní ti àrùn yìí, ẹ̀bá iṣan gan-an ni ó ń pọ́n. Bí ó bá pẹ́, ọ̀pá rẹ̀ tàbí gbòǹgbò rẹ̀ yóò wú ní ibì kan. Kòkòrò kékeré tí ó funfun bí ẹni pé a ta ìyẹ̀fun sí i lára ni ó ń gbé e láti igi dé igi, àwọn èèrà a sì máa tọ́jú kòkòrò yìí nítorí omi dídùn tí ń jáde lára rẹ̀. Nítorí náà, èèrà tí ń lọ tí ń bọ̀ lórí ebè kòkó kì í ṣe ohun àìkàsí. Fáírọ́ọ̀sì náà tún ń gbé inú igi àràbà àti igi osè, ẹ má sì ṣe ṣe ebè kòkó sábẹ́ wọn.

Bí ẹ bá rí àmì wọ̀nyí, ẹ má ṣe fún un ní nǹkan kan. Ẹ hú u, àti gbogbo èyí tí ó yí i ká ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà 3, kí ẹ sun wọ́n níbẹ̀. Ẹ má ṣe tà lára ìyókù ebè náà, ẹ má sì ṣe fi tọrẹ fún àna tàbí ọ̀rẹ́ ní abúlé mìíràn, títí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n yóò fi wá wò ó. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí kòkó tí a dá sílẹ̀ ní 1964 ní Ìdí-Ayùnrẹ́, lẹ́bàá Ìbàdàn, ni ibi tí a ti mọ̀ nípa rẹ̀ jù ní orílẹ̀-èdè yìí. Olùkọ́ni iṣẹ́ àgbẹ̀ tí ó súnmọ́ yín lè bá yín fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́.

Ohun kan ṣì wà tí ń dààmú àgbẹ̀ tí ó ti ṣe gbogbo ohun tí ó yẹ. Ewé tí ó ti pọ́n tán kì í padà tutù. Àgbẹ̀ mìíràn yóò bomi ajílẹ̀ sí ebè ní ọjọ́ Ajé, bí ó bá sì di ọjọ́ Ẹtì tí ewé náà ṣì pọ́n, yóò tún bù ú sí i, yóò sì fi bẹ́ẹ̀ pa ohun tí ó ti ń sàn bọ̀. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ gbójú kúrò lára ewé àtijọ́, kí ẹ máa wo ọ̀mùnú. Láàárín ọ̀sẹ̀ 3 sí 6, ewé titun yóò yọ. Nígbà tí ó bá le, bí ó bá tutù tí ó sì fẹ̀ ju èyí tí ó ṣáájú lọ, ìtọ́jú yín ti jẹ́. Ẹ má ṣe já ewé àgbà tí ó pọ́n ìdajì, nítorí ọmọ kòkó ṣì ń rí oúnjẹ fà nínú rẹ̀. Èyí tí ó bá gbẹ yóò jábọ́ fúnra rẹ̀.

Nígbà tí òjò bá múlẹ̀, ẹ ka àwọn tí ó wà lórí ebè, kí ẹ sì yà wọ́n sọ́tọ̀. Àwọn tí ọ̀pá wọn dúró gírí tí ewé wọn sì tutù ni kí ẹ gbé lọ sí oko, kí wọ́n jìnnà sí ara wọn ní ẹsẹ̀ bàtà 10, lábẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ẹ ti gbìn ṣáájú. Ẹ gé ọ̀rá dúdú náà kúrò pátápátá, kí ẹ má ṣe jẹ́ kí erùpẹ̀ ìdí rẹ̀ tú, kí ẹ sì fi koríko gbígbẹ bo ilẹ̀ yí i ká láìkan ọ̀pá rẹ̀, kí ọ̀dá inú oṣù kẹjọ má baà rí i mú. Àwọn tí ó ràrá, tí gbòǹgbò ńlá wọn sì ti ká bí ìrù ẹlẹ́dẹ̀, ẹ má gbìn wọ́n, bí ó ti wù kí ebè náà ti ná yín tó.